Ilẹ̀kùn Tí Ẹsẹ̀ Yí Padà: Lincoln Continental, 1961 sí 1969

Ẹ wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ yìí dáadáa. Ti iwájú ń ṣí síwájú, ti ẹ̀yìn ń ṣí sẹ́yìn, bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Lincoln Continental ọdún 1961 nìyí, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Ford ti Amẹ́ríkà. Ẹ lè rò pé fáàrí lásán ni. Rárá o, ẹsẹ̀ ló fà á.

Ti ọdún 1960 gùn gbọọrọ, ó lé ní íǹṣì 227. Àwòrán tí Elwood Engel, ayàwòrán ọkọ̀, yà fún Thunderbird, ọkọ̀ Ford míì, ni Robert McNamara, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Ford, rí, tó ní kí wọ́n sọ di Lincoln onílẹ̀kùn mẹ́rin. Wọ́n dín gígùn rẹ̀ kù ní nǹkan bí íǹṣì 15. Àmọ́ bí àwọn ẹnjiníà bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ àwòṣe, ẹsẹ̀ wọn á gbá ilẹ̀kùn. Ni wọ́n bá yí i padà, wọ́n dè é mọ́ ọwọ́ ẹ̀yìn.

Nígbà náà, bí ẹni ń rán aṣọ ọdún ni Detroit, ìlú àwọn aṣe-ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ń pààrọ̀ ojú ọkọ̀ lọ́dọọdún. Lincoln ò bá wọn ṣe é. Láàárín 1961 sí 1963, àfi kí ẹ tẹjú mọ́ gíríìlì iwájú kí ẹ tó rí ìyàtọ̀.

Ọdún 1964 ni orúnkún ará ẹ̀yìn gba ìdáǹdè. Àlàfo táyà iwájú sí tẹ̀yìn kúrò ní íǹṣì 123, ó di 126. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di pẹrẹsẹ. Lójú tèmi, ìyẹn bu ẹwà rẹ̀ kù díẹ̀.

Ní 1965, bíréèkì dísìkì dé sí táyà iwájú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ tó wúwo ju pọ́n-ùn 5,000 lọ máa ń mú dírọ́ọ̀mù, bíréèkì àtijọ́ tó wà nínú ìdérí, gbóná, bíréèkì á sì rọ. Dísìkì wà ní gbangba, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Ní 1966, ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì kúrò ní íǹṣì kúbíìkì 430, ó di 462, onílẹ̀kùn méjì sì dé.

Èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká ńkọ́? Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ìdérí búùtù á dìde sẹ́yìn, òrùlé á ká ara rẹ̀ wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ ìyanu ni, àfi tí ẹ bá gbé ẹrù dání! 2,276 péré ni wọ́n tà ní 1967, wọ́n sì pa á tì.

Nígbà tí 1970 fi máa dé, ọkọ̀ náà ti gùn padà dé íǹṣì 225, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ń ṣí bíi ti gbogbo ayé.