Èdè Wo Lọmọ Mú Bọ̀ Láti Ilé?

Ẹ kú àsìkò yìí o. Èmi nìkan ni mo wà lórí ètò lónìí, láti Kubwa níbí, ní Àbújá. Wọ́n ti mú iná lọ, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, ti ará ilé kejì ni, ẹ bá wa mú un mọ́ra.

Ọ̀kan nínú yín tó wà ní London ló fi ohùn ránṣẹ́ pé, gẹ́gẹ́ bíi tíṣà, kí ni mo rò nípa kíkó gbogbo ọmọ sí kíláàsì kan náà, títí kan àwọn tí kò gbọ́ràn àtàwọn tí kò ríran. Mo fara mọ́ ọn tọwọ́tẹsẹ̀. Àmọ́ tí ọmọ bá ti wọlé tó jókòó, ṣé ó wà nínú ẹ̀kọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá dù wọ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò lè bá tíṣà mọ èdè tí ọmọ mú bọ̀ láti ilé, orí èdè yẹn sì ni ìwé kíkà dúró sí.

Ẹ wo ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Nyanya, ní ẹ̀gbẹ́ Àbújá níbí. Haúsá ló fi ń ṣeré níta, Pidgin ló fi ń ra bisikíìtì, ìgbà tí màmá ẹ̀ bá ń bá a wí nìkan ló ń gbọ́ Yorùbá. Ọmọ Gbagyi àti ọmọ Tiv wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an, àmọ́ èdè kan náà ni gbogbo ọmọ ibẹ̀ ń sọ. Ìjọba ní ká máa lo èdè abínibí ní 2022, wọ́n tún fagi lé e ní oṣù kọkànlá 2025. Tèmi ò yí padà: kí n tó ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì, a ó ti kọ́kọ́ sọ ìtàn inú ẹ̀ ní Haúsá, ẹni tó gbọ́ á wá sọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́.

Ti ọmọ adití ló ká mi lára jù. Wọ́n ní ká fi ìró kọ́ ọmọ níwèé, "b" pẹ̀lú "a" di "ba". Kí ni ẹni tí kò gbọ́ ìró fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Èdè wà lọ́wọ́ ẹ̀ o, lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an. Èdè ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé adití wa ń lò, Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà tóun náà jẹ́ adití, ló dá ilé ìwé adití sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1960. Àmọ́ àwọn adití Kano ti ní tiwọn, Maganar Hannu ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ wá lè pàdé tíṣà tó mọ èdè ọwọ́ dunjú, kí wọ́n má sì gbọ́ ara wọn. Kí ló wá yà á sọ́tọ̀ sí ọmọ Nyanya yẹn?

(Ti ọmọ tí kò ríran yàtọ̀. Ìró ń wọ̀ ọ́ létí, ìwé Braille tí wọ́n ń fọwọ́ kà ló wọ́n.)

Ìyá kan ní ọmọ adití á fa ọmọ òun sẹ́yìn. Mo ní, mọ́mì, nítorí ọmọ yẹn ni mo ṣe ń kọjú sí wọn tí mo bá ń sọ̀rọ̀, tí mo ń ya àwòrán, tí mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sí bọ́ọ̀dù. Ọmọ tiyín tó wà lẹ́yìn pátápátá náà ń jẹ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń di páálí ìwé ránṣẹ́ sílé láti òkè òkun, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ kọ́kọ́ pe tíṣà, kẹ́ ẹ bi í léèrè èdè táwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ń sọ.