Ilà wo ló wà lára sípóò mọ́ọ̀sì?

Ẹ̀yin tèmi, òjò ti rọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́, mọ́ọ̀sì ti bo àpáta orí òkè. Ẹ wo èyí tí mo mú dání. Ẹ rí igi tín-ín-rín tó gbé àpò kékeré rù yẹn? Inú àpò náà ni sípóò wà, èérún tí mọ́ọ̀sì fi ń bí irú rẹ̀.

Èèyàn lè wo ewé mọ́ọ̀sì méjì títí kó má mọ ìyàtọ̀. Sípóò lè tú wọn fó. Àmọ́ ó kéré jọjọ! Ẹ pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000: ọ̀pọ̀ sípóò mọ́ọ̀sì ò ju 10 sí 20 lọ níbẹ̀. Maikirosikóòpù onímọ́lẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ sọ ohun kékeré di ńlá lójú wa, á fi hàn yín pé ó rí roboto, bóyá ara rẹ̀ rí gbágungbàgun díẹ̀. Maikirosikóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́nì, tó ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́nì, èérún inú iná mànàmáná, ya àwòrán dípò ìmọ́lẹ̀, ló ń jẹ́ ká rí i kedere: òmíràn ní kókó wínníwínní, òmíràn rí bí àwọ̀n. Ilà ara sípóò nìyẹn.

Ìyá mi àgbà, tó bá ti rí ilà ojú ẹnì kan, á ní ọmọ ìlú báyìí nìyí. Kì í ṣi àpá mú fún ilà. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í rèé o! Kò sí afẹ́fẹ́ nínú maikirosikóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́nì yẹn. Sípóò tí kò gbó, tàbí tí ẹ kò gbẹ dáadáa, á rún wọlé, á jìn kòtò. Lẹ ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ara rẹ̀ ní kòtò". Kòtò wo? KÒTÒ KỌ́ NI ILÀ! Ẹ wo sípóò púpọ̀ láti inú àpò kan náà. Kókó wà lára gbogbo wọn, kòtò wà níhìn-ín lára èyí, lọ́hùn-ún lára ìyẹn? Ẹ pa kòtò tì.

Nítorí náà, àpò tó ti GBÓ, tí ọmọrí rẹ̀ ò tíì ṣí, ni kẹ́ ẹ mú. Mo tún wí: tó gbó, tí kò ṣí! Èyí tó ti ṣí, afẹ́fẹ́ lè ti gbé sípóò àjèjì wọ ibẹ̀.

Wúrà tẹ́ ẹ máa fi bo sípóò, kí ẹ̀lẹ́kítírọ́nì má baà kóra jọ sára rẹ̀, kí àwòrán má baà funfun báláú, fẹ́ẹ́rẹ́ ni o. Tó bá ki, ilà ti sin mọ́lẹ̀.

Ẹ má sì fi sípóò nìkan sọ mọ́ọ̀sì lórúkọ, ẹ wo ewé, ẹ wo eyín tó yí ẹnu àpò ká. Archidium, irú mọ́ọ̀sì kan, ńkọ́? Sípóò tirẹ̀ lè ju 100 lọ nínú ọ̀nà 1,000 tá a pín mìlímítà sí yẹn. Ẹ má wulẹ̀ da ẹ̀rọ olówó iyebíye láàmú nítorí ìyẹn.