Ọwọ́ Ta Ló Gbé Òkúta Rhona Martin Débẹ̀?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí ti mọ ibi tí mo ń lọ: ẹ yé pe iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ní oríire. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lónìí, mo mú ẹlẹ́rìí wá: Rhona Martin, obìnrin ará Scotland tó fi eré curling gba wúrà Olympics, eré tí wọ́n ti ń ti òkúta lórí yìnyín kó lè dúró sáàárín àmì róbótó kan.

Ọmọ Ayrshire ni. Etíkun agbègbè yẹn gan-an ni erékùṣù Ailsa Craig wà, ibi tí wọ́n ti ń kó òkúta akọ tí wọ́n fi ń ṣe òkúta curling. Ní Mauchline, ìlú kékeré kan níbẹ̀, ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Ọ̀kan ń wúwo tó nǹkan bíi kílò 20, ó sì ní ìdìmú lórí. Wọn kì í sọ ọ́ sókè. Ẹni tó ń jù ú á lóṣòó sórí ẹsẹ̀ kan, á na ìkejì sẹ́yìn, á máa yọ̀ tẹ̀ lé òkúta lórí yìnyín, á wá yí ìdìmú rẹ̀ díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Yíyí yẹn ló ń jẹ́ kó yà. Wọ́n á ti wọ́n omi sórí yìnyín náà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kán omi yẹn á dì, ojú yìnyín á wá rí ṣákaṣàka bí èèpo ọsàn. Bí òkúta ṣe ń lọ, èèyàn méjì á máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá iwájú rẹ̀ kíkankíkan. Gbígbá náà ń mú ojú yìnyín móoru, òkúta á lọ jìnnà sí i, kò sì ní tètè yà. Àwọn tó ń sọ pé iṣẹ́ ilé ni wọ́n sọ di eré, ẹ ní kí wọ́n gbá yìnyín yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká wá gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn náà.

Ó dáa, Olympics ìgbà òtútù ní Salt Lake City, ọdún 2002. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án ni ikọ̀ Britain, tí Rhona jẹ́ balógun rẹ̀, kọ́kọ́ ṣe: wọ́n borí nínú 5, wọ́n fìdí rẹmi nínú 4. Wọ́n ní láti dúró kí Switzerland na Jámánì kí wọ́n tó lè rọ́nà lọ. Switzerland sì nà wọ́n. Ohun tí wọ́n ń pè ní oríire nìyẹn! Ẹlòmíì ló ṣílẹ̀kùn, mo gbà. Ta ló wọlé? Wọ́n na Swídìn, wọ́n na Jámánì, wọ́n na Kánádà 6 sí 5. Nínú àṣekágbá pẹ̀lú Switzerland, ó ku òkúta kan ṣoṣo, àmì ayò sì jẹ́ 3 sí 3. Òkúta náà gbọ́dọ̀ yà kọjá òkúta tó dí ọ̀nà, kó ti ti Switzerland kúrò láàárín, kí òun fúnra rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú gan-an ní Britain, àwọn èèyàn ò sùn, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Láti ọdún 1984, Britain ò tíì gba wúrà kankan nínú Olympics ìgbà òtútù. Rhona jọ̀wọ́ òkúta.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí ìyá kan fi nawọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, látìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, Rhona, Rhona ṣáá ni. Ta ló ń gbálẹ̀?”

Gbọ̀ngàn pariwo. Èmi náà dákẹ́ fúngbà díẹ̀, nítorí òótọ́ ni wọ́n sọ. Fiona MacDonald àti Janice Rankin ló ń gbálẹ̀. Debbie Knox ló wà lọ́hùn-ún, ó fi búrọ́ọ̀ṣì júwe ibi tí Rhona máa fojú sùn. Kété tí ọwọ́ ti kúrò lára òkúta, ẹni tó jù ú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ariwo ló kù tó lè pa. Àwọn méjì tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń fojú wọn bó ṣe ń yára sí, tí wọ́n ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbá àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè. Nítorí náà mo ṣàtúnṣe níwájú gbogbo yín: kì í ṣe oríire, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ Rhona nìkan. Ìyá wa, ẹ ṣeun.

Alága ti fi ìwé pélébé sọ fún mi pé ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù, ẹ jẹ́ n sáré. Turin, 2006: Rhona tún ni balógun ikọ̀, wọ́n tún borí 5, wọ́n tún pàdánù 4, bíi ti 2002 gẹ́lẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò tó. Ní 2014 ní Sochi, ó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ obìnrin tí Eve Muirhead, ọmọ ọdún 23, jẹ́ balógun rẹ̀. Switzerland náà tún ni wọ́n bá pàdé fún àmì ẹ̀yẹ bàbà, òkúta tó kẹ́yìn tún ni wọ́n fi borí, 6 sí 5.

Nínú curling, akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í dé orí yìnyín. Ìgbà tí wọ́n bá dá eré dúró nìkan ló lè bá wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, á padà sórí ìjókòó rẹ̀, á gbé ọwọ́ sórí orúnkún, á máa wo òkúta ọmọlọ́mọ bó ṣe ń lọ.