Iná Ti Dé ní Iléṣà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ará àjò. Manchester ni mo wà bí ìṣe mi. Òtútù wà lóde, mọ́tò mi tó ń lo bátìrì dípò epo wà níwájú ilé, ó ń gba iná. Mo ki ṣájà rẹ̀ bọ iná lálẹ́ àná, mi ò sì rántí rẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ti mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, èyí tó wà ní Ilé-Ifẹ̀.

Tísà ni Ẹ̀gbọ́n. Ifẹ̀ ni wọ́n ń gbé, Màmá wa wà ní Iléṣà, Ẹ̀gbọ́n a sì máa lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọ̀nà ọ̀hún ò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ̀ẹ̀mejì di ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ń fẹ́ di oṣooṣù. Màmá ò ráhùn. Wọ́n á kàn bi mí lórí fóònù pé, "Ṣé àlàáfíà ni ẹ̀gbọ́n rẹ wà?" Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Mi ò lè fi mọ́tò ibí ránṣẹ́, torí ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí wọn wà, ìjọba wa ò sì gbà á wọlé. Nissan Leaf ọdún 2018 kan tóun náà ń lo iná, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, la rí rà l'Ékòó. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò iwájú ìdarí rẹ̀ fún mi. Ìlà kéékèèké 12 ló máa ń wà níbẹ̀ tí bátìrì bá ṣì jẹ́ tuntun. Bó bá ṣe ń gbó ni wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Tiwa ṣì ní 10. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ má wo ọ̀dà ara mọ́tò, ìlà ni kí ẹ kà. Kò sí omi tó ń tu bátìrì Leaf lára, ooru ilé wa á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ni Ẹ̀gbọ́n ń gbé tiwọn sí níléèwé.

Oṣù Ọ̀pẹ ni mo wálé. Mo gbé ṣájà dání láti ibí, nítorí ẹlẹ́nu mẹ́ta tí à ń lò nílé náà ni tàwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọkàn mi balẹ̀. A dé Iléṣà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, iná wà, mo ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìnkùlé Màmá. Iná pupa. Mo yọ ọ́, mo tún un ṣe. Pupa. Mo gbé e dé pálọ̀, pupa náà ni. Fáànù ń yí, fíríìjì ń kùn, ṣájà nìkan ló kọ̀.

Oníná àdúgbò tí a pè ò pẹ́ rárá. Ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó nàka sí ihò kẹta: kò sí waya kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 1979 ni bàbá wa kọ́ ilé yẹn. Ṣájà mọ́tò a máa kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí iná lè gbà sá wọlẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́, kó má bàa gba ara ẹni tó fọwọ́ kan mọ́tò. Bí kò bá ti rí i, kò ní ṣiṣẹ́. Àyà mi já. Ọdún mélòó ni Màmá ti ń fi ọwọ́ tútù ṣí fíríìjì yẹn?

Ọmọkùnrin náà gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ewúro, ó gún ọ̀pá bàbà wọlẹ̀, ó ní ká wá èédú àti iyọ̀. Màmá fúnra wọn ló bu èédú wá. "Èyí tí mo fi ń yan àgbàdo náà ni?" "Òun náà ni, Màmá." Ó dà á yí ọ̀pá ká, ó bomi sí i, ó fa waya wọlé. Mo tún ki ṣájà bọ iná. Aláwọ̀ ewé tàn.

Ọmọ òṣómàáló ni wá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Yúníìtì iná kan ń gbé mọ́tò yìí rìn tó kìlómítà 6. Ifẹ̀ sí Iléṣà, bíi yúníìtì 5 ni. Ó ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ní àlọ, torí Iléṣà ga ju Ifẹ̀ lọ. Ní àbọ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà a máa dá díẹ̀ padà sínú bátìrì. Nígbà tí owó iná Band A, ìyẹn tàwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́, di ₦225 fún yúníìtì kan lóṣù kẹrin ọdún 2024, tí gbogbo ayé pariwo, ìrìn yẹn ò ju bíi ₦1,125 lọ. Ẹ fi wé owó epo tí ẹ rà lánàá.

Iná gan-an ni ìṣòro. Àdúgbò Màmá ò sí lára àwọn Band A. Ṣùgbọ́n bí iná bá ṣe wákàtí mẹ́rin péré, yúníìtì bíi 8 á ti wọlé, ìyẹn á gbé Ẹ̀gbọ́n dé Ifẹ̀, á sì ṣẹ́kù. Ẹ má ṣe fi ẹkisitẹ́nṣọ̀n ṣe é o. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

Ẹ̀gbọ́n ti padà sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá sùn sí Iléṣà, Màmá ló ń ṣọ́ iná. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, aago mẹ́rin ìdájí. Mò ń gbọ́ sálúbàtà wọn lórí sìmẹ́ńtì, mò ń gbọ́ àkùkọ. Wọ́n ní, "Iná ti dé. Mi ò jí ẹ̀gbọ́n rẹ, ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ti bá a ki ṣájà bọ iná. Aláwọ̀ ewé ni."