Obì Tí Yóò Dé Kánò: Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Tó Yẹ Ká Sá Fún Nínú Fantasy

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta Fantasy Premier League ní Ṣágámù ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, níbi tí èèyàn ti ń kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ látinú àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi inú líìgì Gẹ̀ẹ́sì, tí ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá sì ń di pọ́ìntì fún un. Mo tún ojú rẹ̀ ṣe díẹ̀ kí n tó gbé e síbí, ṣùgbọ́n mo fi ìbéèrè tó gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu sílẹ̀ bó ṣe wáyé.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tó ti Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìperu wá, ẹ kú ọ̀nà.

Ṣágámù la wà, torí náà ẹ jẹ́ kí n ti orí obì bẹ̀rẹ̀. Obì ni ìyá mi ń tà. Ọjọ́ tí obì bá wọlé, iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó tì wọ́n, ká jọ máa ṣà á. Gbànja ni, èyí tí àwọn Hausa tó wà ní Sábó ń kó lọ sí Òkè Ọya. Ọmọdé ni mí nígbà náà, èyí tó bá tóbi ló máa ń wọ̀ mí lójú. Màá gbé e sókè: "Màámi, ẹ wo eléyìí!" Wọ́n á gbà á, wọ́n á yí i po, wọ́n á fi èékánná kan ibì kan lára rẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ sọ́tọ̀. Ihò kòkòrò ni, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. "Èyí ṣe é jẹ lónìí," ni wọ́n máa ń wí, "ṣùgbọ́n kò ní dé Kánò." Obì tó lè wà nínú agbọ̀n, nínú ewé, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí yóò sì jáde ní tútù, òun ni oníbàárà máa sanwó lé lórí.

Ohun tí mo bá wá sí gbọ̀ngàn yìí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 38 ni Premier League. Agbábọ́ọ̀lù tó léwu ni èyí tó ṣe é jẹ lónìí, tí kò ní dé Kánò.

Ẹ mọ òfin eré náà, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn ni wọ́n fún yín láti ra èèyàn 15, ẹ kò sì gbọdọ̀ mú ju 3 lọ nínú ẹgbẹ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ lè pààrọ̀ èèyàn kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá pààrọ̀ ju iye tó ní lọ yóò pàdánù pọ́ìntì 4 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ìtanràn ni pọ́ìntì 4 yẹn. Ìgbàkúùgbà tí ẹ bá ra obì oníhò, ẹ máa san án.

Ìṣẹ́jú ni mo fẹ́ ká máa kà ká tó ka gólù. Ẹni tó bá gbá tó ìṣẹ́jú 60 gba pọ́ìntì 2. Ẹni tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ gba 1. Ẹlẹ́yìn, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, tí wọn kò bá jẹ gólù kankan lójú rẹ̀ ń gba 4, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lo ìṣẹ́jú 60 lórí pápá. Láti sáà 2025/26, wọ́n ti fi gbígba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, dídí i àti gbígbá a dànù kún un: ẹlẹ́yìn tí àpapọ̀ rẹ̀ bá tó 10 nínú eré kan ń gba 2 sí i. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá wà lórí pápá ló ń jẹ gbogbo rẹ̀. Ní sáà 2024/25, Salah ti Liverpool gba pọ́ìntì 344, kò sí ẹni tó gba iye bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Gólù 29 àti àsísìtì 18 (bọ́ọ̀lù tó gbé fún ẹlòmíràn tó fi gbá gólù) ni gbogbo èèyàn ń kà. Èmi ń ka ohun mìíràn: gbogbo eré 38 ló gbá.

Wàyí o, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ibí ni mo ti ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn jà. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kọ́ ló léwu jù. Ẹni yẹn kò ní gbá rárá, eré náà yóò sì fa ẹnìkan dìde lórí bẹ́ńṣì yín láti rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó léwu ni ẹni tí kóòṣì kọ́kọ́ fi sórí bẹ́ńṣì, tó wá gbé wọlé ní ìṣẹ́jú 85. Pọ́ìntì 1 péré ni yóò mú wálé. Bí ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì tiyín bá gbá gólù 2 wọlé lọ́jọ́ yẹn, kò kàn yín mọ́. Tí ẹ bá wá fi olúwarẹ̀ ṣe kápítènì, ẹni tí pọ́ìntì rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì, ńkọ́? Bí kò bá gbá rárá, igbákejì kápítènì ni pọ́ìntì rẹ̀ máa di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 5 tó gbá yẹn ti dínà. Ìlọ́po méjì 1 ni 2, ó parí. Mo rí ọkùnrin kan ní Mákún tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ó dìde níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, ó lọ dúró síta nínú òjò, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi túká.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé "ẹgbẹ́ ńlá ni kí ẹ kó," ẹ̀yin ni mò ń bá wí! Ní 2016 ni kóòṣì Guardiola dé Manchester City, ẹ sì mọ ohun tó máa ń ṣe níbẹ̀ fáwọn tó ra èèyàn rẹ̀: ẹni tó gbá gólù 2 lọ́jọ́ Sátidé, ó lè fi sórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ Wẹsidé. Mo fi tọkàntọkàn sọ fún yín pé n óò mú agbábọ́ọ̀lù Fulham tàbí Everton tó ń bẹ̀rẹ̀ eré lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí n tó mú ìràwọ̀ tó ń wọlé, tó ń jáde.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń ra ọdún tó kọjá. Foden ti Manchester City gbá gólù 19 nínú líìgì ní 2023/24, àwọn agbábọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì dìbò fún un pé òun ló ta yọ jù lọ́dún náà. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, gólù 7. Ẹ̀yin àgbà inú eré yìí kò ní gbàgbé Michu ti Swansea: 18 ní 2012/13, lẹ́yìn náà 2. Igi obì pàápàá kì í so bákan náà lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ihò kòkòrò fúnra rẹ̀. Ní Ọjọ́ 10, Oṣù Kẹfà 2023, Kevin De Bruyne jáde nínú àṣekágbá Champions League kí wọ́n tó lọ sinmi. Iṣan ẹ̀yìn itan ló dùn ún. Gbogbo ayé ló rí i. Ní Ọjọ́ 11, Oṣù Kẹjọ, City bẹ̀rẹ̀ líìgì tuntun ní ilé Burnley, De Bruyne sì wà lórí pápá. Àwọn tó rà á yọ̀. Ní ìṣẹ́jú 23, ó di itan rẹ̀ mú, ó jáde. Iṣan kan náà ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó di Oṣù Kìíní 2024 kó tó padà. Kì í ṣe pé orí wọn kò dára. Ihò náà ti wà lára obì láti Oṣù Kẹfà, wọ́n kàn fi ọwọ́ bò ó ni. Iṣan ẹ̀yìn itan tó bá ti ya lẹ́ẹ̀kan máa ń rọrùn láti tún ya, pàápàá tí eléré bá tètè padà. Nígbà tó padà ńkọ́? Ó wọlé láti orí bẹ́ńṣì ní Newcastle, ó gbá gólù kan, ó ṣe àsísìtì kan, City sì borí 3–2. Ẹ máa wo ihò, kí ẹ sì máa wo ìgbà tí ihò ti dí.

Mo fẹ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín, ó sì kàn mí gan-an. Ní Oṣù Karùn-ún 2025, Taiwo Awoniyi, ọmọ wa, ń lé bọ́ọ̀lù, ó sì kọlu òpó gólù nígbà tí Nottingham Forest ń gbá pẹ̀lú Leicester. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ikùn rẹ̀, àwọn dókítà sì ní láti mú un sùn fúngbà díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ihò kòkòrò. Ìjàǹbá ni, ẹnikẹ́ni kò sì lè rí i ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ Isak tó ṣẹ́ ní Oṣù Kejìlá 2025. N kò ní bá ẹni tó ní wọn wí. Àmọ́ ní ti Isak, ohun kan wà tó hàn gbangba ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà: kò bá Newcastle gbá ìgbáradì kankan, ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹsàn-án ló tó lọ sí Liverpool ní mílíọ̀nù 125 pọ́n-ùn. Ẹni tí kò ṣe ìgbáradì, ìṣẹ́jú rẹ̀ kò lè tètè pé. Ìyẹn ni kí ẹ kà sí ihò.

Ibi tí mo dé rèé tí arábìnrin kan tó ń ránṣọ ní Mákún fi nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Àmọ́ àwa mẹ́wàá la dáwó jọ nínú líìgì tiwa. Tí àwọn mẹ́jọ bá ní agbábọ́ọ̀lù oníhò yẹn, tí èmi kò ní i, tó wá gbá gólù 3, ta ló wà nínú ewu?"

Mo dákẹ́ díẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àbúrò mi, ìwọ ni. Ewu inú Fantasy kì í ṣe ti agbábọ́ọ̀lù nìkan, ó ní ṣe pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ ń ta á. Ní 2022/23, Haaland gbá gólù 36, pọ́ìntì 272. Ẹni tí kò ní i lọ́dún yẹn tí àwọn mẹ́jọ ní i, òun ló gbé ewu rù. Torí náà, àwọn mẹ́wàá yín ni kí o kà, má ka mílíọ̀nù èèyàn kárí ayé. Bí o bá wà níwájú, tí àwọn tó ń lé ọ sì ní oníhò náà, ní i pẹ̀lú wọn: bó bá ṣubú, gbogbo yín lẹ jọ ṣubú, ipò rẹ kò yí padà. Bí o bá wà lẹ́yìn, ìgbà yẹn ni kó o fi í sílẹ̀, kó o gbé owó rẹ̀ lé ẹni tí ìṣẹ́jú rẹ̀ dájú. Ṣùgbọ́n má fi oníhò ṣe kápítènì láéláé. Mo ti sọ ìdí rẹ̀.

Alága ti ń fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe aago sí mi, torí náà ẹ jẹ́ kí n yára. Káàdì: ìyẹ́lò 5 láàárín eré 19 àkọ́kọ́, ẹ kò ní rí olúwarẹ̀ nínú eré kan, ẹni tó bá ti ní 4, ẹ mú ẹlòmíràn sún mọ́ tòsí. Ìjìyà tó gùn: Toney gbá gólù 20 ní 2022/23, wọ́n sì fi òfin tẹ́tẹ́ mú un sílé fún oṣù 8. Ife Àgbáyé: àwọn tó bá lọ jìnnà ní 2026, tí àṣekágbá rẹ̀ bọ́ sí 19 Oṣù Keje, ìsinmi wọn kúrú, ẹ dúró ná kí ẹ rí wọn lórí pápá. Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà: ní Oṣù Kejìlá 2025, Iwobi, Bassey àti Chukwueze kúrò ní Fulham lẹ́ẹ̀kan náà lọ sí Morocco. Ìfẹ́ ilé kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun kan tó kù: ìṣẹ́jú 90 ṣáájú eré àkọ́kọ́ ni ilẹ̀kùn ìpààrọ̀ ń tì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí Remo Stars tó gba líìgì Nàìjíríà ní 2025 ti ń gbá, ẹ lè fi ojú ara yín rí ẹni tó ń tiro. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ohun tí kóòṣì sọ fún àwọn oníròyìn kí ilẹ̀kùn tó tì.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, arábìnrin aránṣọ náà ti mú fóònù rẹ̀ jáde. Ó ń ka ẹgbẹ́ àwọn mẹ́sàn-án yòókù fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. A fa àga méjì súnmọ́ ara wa, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á.