Ẹ Sọ Ọmọ Kalẹ̀ Lẹ́yìn: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ìyá Ọmọ Sọ ní Òṣogbo

Ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ kú ọwọ́ lómi. Mo rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo yín lẹ pọnmọ wá. N kò ní bú ìpọ̀nmọ, ẹ̀yìn ni wọ́n gbé èmi náà dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lẹ́yìn láti àárọ̀ títí ẹ fi ti Ọjà Ọba dé, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè na ọwọ́ sí nǹkan?

Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ tí kò tíì lè rákòrò máa fàyà lélẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán, lójúmọ́. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà o, díẹ̀díẹ̀ ni. Wọ́n tún ní ká má dè é mọ́ ojú kan ju wákàtí kan lọ, ì báà ṣe orí àga, ì báà ṣe ẹ̀yìn ìyá.

Ìyá kan dá mi dúró níbẹ̀: “Nọ́ọ̀sì, ṣé èémí kò ní sé mọ́ ọn nímú?” Ìbéèrè gidi ni. Ìgbà tójú ọmọ bá là sílẹ̀, tí ẹ sì jókòó tì í, nìkan ni. Tó bá fẹ́ sùn, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀.

Ọrùn ló kọ́kọ́ ń gba agbára. Ọmọ tó fàyà lélẹ̀ tó fẹ́ rí ojú ìyá rẹ̀ á gbé orí, orí á wúwo, á tún wolẹ̀. Ibi tó ti ń bá a jìjàkadì yẹn ni ọrùn àti èjìká ti ń le. Ó wá kan ẹ̀yìn, ó kan ìbàdí, kó tó kan ẹsẹ̀.

Ẹ má náwó sí ohun ìṣeré. Ìlú aró la wà. Ẹ tẹ́ adìrẹ sórí ẹní: ojú ọmọ tuntun kò tíì ríran jìnnà, dúdú tó bá funfun pàdé ló máa ń fà á mọ́ra. Èyí tí ẹ ti fọ̀ fọ̀ fọ̀, tí kò yọ aró mọ́ ni kẹ́ ẹ lò, torí ẹnu ló máa kó o sí. Ẹ da ẹ̀wà díẹ̀ sínú ike omi, kẹ́ ẹ dé e pinpin, kẹ́ ẹ mì ín. Ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ rẹ̀ ti ku díẹ̀ kó tó o. Ẹ má gbé e jìnnà jù, á kàn sunkún ni.

Ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ, kíká ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ikùn kẹ́ ẹ tún nà án, kẹ́ ẹ máa ki oríkì rẹ̀, eré aládùn ni lójú ọmọ. Jíjù ú sókè àti fífi apá kan gbé e, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Wọ́kà, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n máa ń gbé ọmọ sí kó lè tètè rìn, ńkọ́? Láti ọdún 2004 ni Kánádà ti fòfin de títà á. Orí ìka ẹsẹ̀ ni ọmọ fi ń tì í, kò kọ́ bí èèyàn ṣe ń dúró. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti dé ìdí ìkòkò gbígbóná. Ọwọ́ yín méjèèjì àti “tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́” ṣì dára jù ú lọ.

Ẹ má sì fi ọmọ aládùúgbò wọn ọmọ yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹn náà wo ọmọ ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, Ghana wà níbẹ̀. Àwọn kan rìn ní oṣù 8, àwọn kan ní oṣù 17, ara gbogbo wọn le. Àwọn kan ò tiẹ̀ rákòrò rárá. Ṣùgbọ́n tí orí bá ṣì ń yẹ̀ ní oṣù 4, tó bá ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo kó tó pé ọdún kan, tàbí tí kò rìn ní oṣù 18, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ má jókòó ti àgbo.

“Ta ló ráyè, Nọ́ọ̀sì?” Ìyá yẹn náà ni. Mo dá a lóhùn pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, nígbàkigbà tó bá pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ. Ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ sórí ẹní iwájú mi. Ọmọ ké, ó ké, ó wá rí bàtà mi. Ó gbórí sókè, ó na ọwọ́ sí i.