Ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ Lọ sí Jímọ̀

As-salāmu alaykum, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn. Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀ òní, Ọlọ́hun á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.

Láti àárọ̀ ni ọkàn mi ti wà ní Jambiani, abúlé etí òkun kan ní erékùṣù Zanzibar, ní ilẹ̀ Tanzania. Tí omi bá fà sẹ́yìn níbẹ̀, ó máa ń jìnnà débi pé ìwọ náà á fẹsẹ̀ rin ibi tí ọkọ̀ ń gbà. Àwọn ìyá á tẹ̀ lé e, ìbòrí lórí, wọ́n á máa so ewéko òkun tí wọ́n ń pè ní mwani mọ́ okùn tí wọ́n nà láàárín èèkàn kéékèèké. Ìgbà tí omi bá ń bọ̀ ni wọ́n ń lọlé.

“Pole pole” lọ̀rọ̀ ẹnu wọn: jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Èmi tí mo gbé eré Èkó lọ síbẹ̀, inú kọ́kọ́ bí mi. Wákàtí kan gbáko ni mo fi dúró de ẹja yíyan! (Ẹja náà dùn ṣá, mi ò ní purọ́.)

Mo bá ọlọ́kọ̀ kan ṣàdéhùn pé kó gbé èmi àti àwọn òyìnbó méjì lọ sójú òkun lọ́sàn-án Jímọ̀. Kí aago méjìlá tó lù, ó ká ìgbòkun rẹ̀, ó ní ó di ẹ̀yìn ìrun. Ó lọ wẹ̀, ó wọ kanzu funfun, ẹ̀wù gígùn wọn, ó de kofia, fìlà wọn, ó ń lọ. Kò sáré rárá. Kí ló fẹ́ sáré sí, nígbà tó ti tètè gbéra?

Ọlọ́hun ní nínú Suratul-Jumu‘ah, áyà 9, pé tí wọ́n bá ti pe ìrun Jímọ̀, ká yára lọ síbi ìrántí Òun, ká pa kárà-kátà tì. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tún sọ nínú hadith tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé tí a bá gbọ́ ìpè ìgbéìrundúró, èyí tí wọ́n ń pè kété kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀, ká má sáré wá, ká rìn wá pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Èyí tí a bá bá, ká kí i, èyí tó bá ti kọjá, ká ṣe é pé.

Àwa ńkọ́? Lèmọ́mù ti gun mínbárì, a ṣì ń ná ọjà lórí fóònù. Ó di rákà kejì, a ó wá máa sá bọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, àlùwàlá ò tíì gbẹ lójú. Àwọn mìíràn á máa da ẹsẹ̀ kọjá lọ́rùn àwọn tó ti jókòó. Ànábì rí ẹnìkan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Jímọ̀, ó ní: “Jókòó, o ti ni àwọn èèyàn lára.”

Mọ́ṣáláṣí kan wà ní Kizimkazi, ní gúúsù erékùṣù náà. Ọdún 500 Hijira, ìyẹn 1107, ló wà lára òkúta tí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sí nínú rẹ̀, wọ́n sì ń kírun níbẹ̀ títí dòní. Jẹ́jẹ́ náà ni wọ́n ń rìn wọ ibẹ̀.

Nígbà tí a kírun tán, ọlọ́kọ̀ mi bọ́ kanzu, ó ká a sínú ọ̀rá. Àwọn òyìnbó ṣì ń dúró. Omi ti padà dé, ọkọ̀ tó jókòó sórí yanrìn láàárọ̀ ti ń léfòó.